Sísan Owó Ọkọ̀ Ìgboro ní Lọ́ńdọ̀nù: Ìmọ̀ràn fún Àlejò

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń bá ṣètò ìrìnàjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń rò pé bí pọ́n-ùn bá ti wà lápò wọn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgboro ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì ìlú náà kò ti gba owó bébà tàbí owó ẹyọ mọ́, awakọ̀ kò sì ní ṣẹ́ńjì tí yóò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń gbà ni káàdì Oyster, ìyẹn káàdì ọkọ̀ ìgboro tí à ń fi owó sí, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003, tàbí káàdì báǹkì tí a lè fi kan ojú ẹ̀rọ, tàbí fóònù tí a ti so mọ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà fara balẹ̀ lórí èyí. Ní apá ìparí ọdún 2022, àwọn báǹkì kan dá lílo káàdì náírà dúró nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ti ṣí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú kí báǹkì yín tó fi dá yín lójú pé káàdì yín yóò ṣiṣẹ́. Káàdì orí àkáǹtì dọ́là dára bí ó bá jẹ́ Visa tàbí Mastercard, àmọ́ báǹkì lè yọ owó díẹ̀ nítorí pípààrọ̀ dọ́là sí pọ́n-ùn. Ní tèmi, Oyster ni mo máa ń fẹ́ kí àgbàlagbà tó ń bọ̀ nígbà àkọ́kọ́ lò, nítorí pé ó lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà á lára ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ó sì máa fi owó kún un bó ṣe ń tán.

Ibi tí owó àlejò ti ń ṣòfò jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan lẹ ó fi káàdì kan ẹ̀rọ, nítorí pé iye kan náà ni owó rẹ̀, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, £1.75 ni wọ́n gbé e sí lọ́dún 2023. Bí ẹ bá sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé sí ìgbà tí ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́, wọn kò ní gba owó kankan mọ́. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ti pín ìlú náà sí àgbègbè, láti àgbègbè 1 tó wà ní àárín gbùngbùn títí dé àgbègbè 9 lẹ́yìn ìlú, iye àgbègbè tí ẹ là kọjá àti àkókò tí ẹ rìn nínú ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi káàdì kan ẹ̀rọ ní ìwọlé àti ní ìjáde, bí àwọn ará Èkó ṣe ń ṣe pẹ̀lú káàdì Cowry. Bí ẹ bá jáde láìfi kàn án, ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí ẹ ti sọ̀, owó tó ga jù lọ ni yóò sì yọ. Àwọn ibùdó kan, pàápàá ní ọ̀nà DLR, ìyẹn ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, kò ní gáètì rárá, orí òpó ni ẹ̀rọ wà, ibẹ̀ sì ni àlejò ti máa ń rìn kọjá láìfura. Ẹ wá ẹ̀rọ aláwọ̀ òfeefèé náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbàgbé, ẹ lè béèrè owó náà padà lọ́wọ́ Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ìgboro níbẹ̀.

Èèyàn kan, káàdì kan ni òfin wọn. Tọkọtaya kò lè fi káàdì kan ṣoṣo rìn pọ̀. Bákan náà, bí ẹ bá lo káàdì báǹkì láàárọ̀ tí ẹ wá lo fóònù nírọ̀lẹ́, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kà yín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkáǹtì kan náà ni owó ti ń jáde. Àdánù gidi ni èyí, nítorí pé iye kan wà tí owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kì í kọjá: bí ẹ bá ti dé orí rẹ̀, ìrìn tó kù lọ́jọ́ náà di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó pín ìrìn rẹ̀ sí ọ̀nà méjì lè má dé ibẹ̀ láéláé.

Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì. Fún àwọn ọlọ́dún 11 sí 15, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin fi ẹ̀dínwó ọ̀dọ́ àlejò sórí Oyster wọn. Ìdajì owó àgbàlagbà ni wọn yóò máa san fún ọjọ́ 14.

Àwọn ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára jù. Ìdílé a máa yá wọn ní káàdì ọ̀fẹ́ àwọn arúgbó, Freedom Pass, tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ni ín nìkan ló sì lè lò ó. Bí wọ́n bá mú ìyá náà, ó lè di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè ṣèdíwọ́ fún un nígbà tí ó bá tún fẹ́ gba físà. Oyster àgbàlagbà tí à ń fi owó sí ni ẹ lè yá a, bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá ní lò ó lákòókò kan náà, owó tó bá sì ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ kò ní ṣòfò títí di ìgbà tí yóò tún padà wá.