Àìtó ọ́síjìn lásìkò ìbí

Àìtó ọ́síjìn lásìkò ìbí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ́síjìn inú ara ọmọ bá dín kù púpọ̀ lásìkò ìrọbí, tàbí tí ọmọ bá wáyé tí kò sì mí. Ọmọ tí kò ké ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun, ìbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àti àkóràn ni mẹ́ta tó ń pa ọmọ tuntun jù lọ lágbàáyé.

Nínú ilé ọmọ, omi ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi ọmọ ló ń gba ọ́síjìn lára ìyá, ìwọ́ ló sì ń gbé e wá fún ọmọ. Bí ọmọ bá jáde, omi yẹn gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kíákíá. Ìrọbí tó pẹ́ jù, ibi ọmọ tó já kí ọmọ tó jáde, ilé ọmọ tó fàya, ìwọ́ tó yọ ṣáájú orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wà lára ohun tó lè ba ètò yìí jẹ́. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ìyẹn Ìgè, wà nínú ewu ju ẹni tó fi orí wáyé lọ, torí pé orí ló kẹ́yìn, ìwọ́ sì lè há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ìwọ́ tó wé mọ́ ọrùn, èyí tó ń sọ ọmọkùnrin di Òjó, tó ń sọ ọmọbìnrin di Àìná, kò le tó bí èèyàn ṣe ń rò. Ó wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ké fúnra wọn.

Bí ọ́síjìn bá wọ́n, ọmọ á kọ́kọ́ mí kíákíá, á sì dákẹ́. Ní ìdákẹ́ àkọ́kọ́ yìí, nínù ún gbẹ àti fífi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ lè mú kó mí. Bí ìrànlọ́wọ́ kò bá dé, á fa èémí ńlá bíi mélòó kan, á sì tún dákẹ́. Ìlù ọkàn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, kò sì sí ìfọwọ́ra tó lè jí i mọ́, àfi kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ ìdákẹ́ àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ìkejì, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n pẹ́ lórí ríra ẹ̀yìn.

Ìmúsọjí

Nínú ọmọ 100 tí oṣù wọn pé, bíi 85 ló ń mí fúnra wọn. Bíi 10 mìíràn á mí lẹ́yìn nínù àti ríra. Nínú ìyókù, ọ̀pọ̀ kò nílò ju kí wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́. Àwọn tí a ń tẹ àyà wọn tàbí fún ní oògùn kò tó 1 nínú 100.

Agbẹ̀bí á nu ọmọ gbẹ, á ju aṣọ tó ti rin sọnù, á sì fi òmíràn bò ó. Bí kò bá mí, á tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, á gbé orí rẹ̀ sí ipò tí ọ̀fun yóò fi ṣí, á fi ìbòjú rọ́bà bo imú àti ẹnu, á sì máa fún báàgì afẹ́fẹ́ ní 40 sí 60 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí èyí bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé. Ètò Helping Babies Breathe, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010, pè é ní ìṣẹ́jú wúrà. Bí àyà kò bá gbéra, bóyá ìbòjú ń jò ni. Bí ọkàn bá ń lù ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ń dára. Bó bá ṣì wà lábẹ́ 60 lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti wọlé dáadáa, wọn á máa tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹta sí èémí kan.

Henning Ruben ará Denmark ló ṣe irú báàgì yìí ní 1956. Kò nílò iná, kò nílò sílíńdà. Tẹ́lẹ̀, ọ́síjìn pọ́ńbélé ni wọ́n ń fún ọmọ, ṣùgbọ́n ìwádìí Ola Didrik Saugstad ará Norway àti àwọn mìíràn fi hàn pé afẹ́fẹ́ lásán tó fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Ìlànà ìmúsọjí tó jáde ní 2010 gba èyí wọlé.

Ọ̀nà àtijọ́ pọ̀. Ní Jámánì, Bernhard Schultze ń fi ọmọ fì sókè sódò. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń gbá ọmọ nídìí, wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò, wọ́n sì ń da omi tútù sí i lára. Omi tútù burú gan-an, torí pé ọmọ tí òtútù mú ń ná ọ́síjìn tí kò ní.

Ìdíwọ̀n Apgar

Ní 1953, Virginia Apgar, dókítà akunilóorun ní New York, tẹ ìdíwọ̀n kan jáde. Ó ń wo àwọ̀, ìlù ọkàn, bí ọmọ ṣe ń dáhùn, okun iṣan àti mímí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 2. Wọ́n ń kà á ní ìṣẹ́jú 1 àti 5. Kì í ṣe òun ló ń sọ ìgbà tí ìmúsọjí yóò bẹ̀rẹ̀, torí ìṣẹ́jú kan ti pẹ́ jù láti dúró. Àwọ̀ ló mẹ́hẹ jù nínú márààrún fún ọmọ aláwọ̀ dúdú: ahọ́n àti inú ẹnu ló yẹ kí wọ́n wò, kì í ṣe awọ ara.

Lẹ́yìn ìmúsọjí

Ọpọlọ ló ń jìyà jù. Gìrì, àìlèmu ọmú àti ara tó rọ wà lára àmì rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. William John Little, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù, so àìlera iṣan àwọn ọmọdé mọ́ ìbí tó nira ní 1861. Lónìí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú àìlera bẹ́ẹ̀ kò ti ibi ìrọbí wá.

Ní àwọn ilé ìwòsàn tó ní ohun èlò tó pé, wọ́n ń mú ara ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ tutù sí bíi 33.5°C fún wákàtí 72, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 6 tó kọjá lẹ́yìn ìbí. Èyí kò jọ omi tútù tí wọ́n ń dà lu ọmọ: ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ọ, oníṣègùn sì ń wò ó tọ̀sán tòru. Ìwádìí HELIX, tó jáde ní 2021, dán an wò ní Íńdíà, Sri Lanka àti Bangladesh: kò ṣe àwọn ọmọ náà láǹfààní, ikú sì pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n mú ara wọn tutù.