Ìyàwó Òyìnbó Lóko Tíì Assam: Ilé Kún fún Ìránṣẹ́, Ìyàwó Dá Wà

Àwòrán kan wà tó máa ń yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè: ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan, aṣọ funfun lọ́rùn, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá kan, ife tíì lọ́wọ́, ìránṣẹ́ méjì mẹ́ta dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní irú ìgbádùn wo rèé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n ń sọ ìtàn ara wọn, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn dá wà. Báwo ni ilé ṣe lè kún tó bẹ́ẹ̀ kí ìyàwó ilé má rẹ́ni bá sọ̀rọ̀?

Níbo ni Assam wà, kí ló sì gbé òyìnbó débẹ̀?

Apá àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà ni, lẹ́bàá odò Brahmaputra. Àwọn Singpho, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ti ń mu tíì kí òyìnbó tó mọ̀ pé igi náà ń hù ní Íńdíà. 1823 ni ìròyìn rẹ̀ dé etí Robert Bruce, ọmọ Skọ́tílándì. Nígbà tó di 1839, wọ́n ti dá Assam Company sílẹ̀, wọ́n sì ti ta tíì Assam àkọ́kọ́ ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà, igbó ń lọ, oko ń bọ̀.

(Lipton tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ tíì lẹ́nu wa, tí a ń sọ pé "fún mi ní Lípítọ̀n" kódà bí orúkọ mìíràn bá wà lára páálí, Ceylon lòun ti ra oko tirẹ̀ ní 1890, ìyẹn Sri Lanka òde òní. Ìtàn ibẹ̀ jọ èyí, àmọ́ Assam ni mo fẹ́ dúró sí.)

Ṣé lóòótọ́ ni pé kọ́ńpìnnì ló ń pinnu ìgbà tí ọkùnrin máa gbéyàwó?

Lóòótọ́ ni, fún àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ lóko. Ọmọkùnrin tó lé díẹ̀ ní ogún ọdún á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, á wọkọ̀, á di "chota sahib", ọ̀gá kékeré, lábẹ́ "burra sahib", ọ̀gá ńlá tó ń darí oko. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ gbéyàwó títí ọdún yẹn á fi pé. Tó bá pé tán, ó ṣì ní láti tọrọ ààyè. Ọkùnrin tó lágbára lórí ọgọ́rùn-ún mélòó kan òṣìṣẹ́, tó lè ní kí wọ́n lu èyí, kí wọ́n gé owó tọ̀hún, kò lágbára láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀.

Owó ló fà á. Àpọ́n méjì lè pín ilé kan. Ẹni tó níyàwó ń fẹ́ ilé tirẹ̀, ó ń fẹ́ owó ọkọ̀ fún ìyàwó àti ọmọ nígbà ìsinmi, ó sì lè máa ráhùn pé ibà pọ̀ jù lóko tí wọ́n gbé òun sí. Àpọ́n kì í ráhùn bẹ́ẹ̀, tàbí tó bá ráhùn, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ọ̀ràn ojú ayé náà wà níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí òyìnbó tí ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò tíì tó gbọ́ bùkátà ìránṣẹ́ bíi mẹ́jọ, kó má tíì fẹ́ ìyàwó rárá.

Ìdí nìyí tí ọkọ fi lè súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún tàbí kó ti kọjá rẹ̀, nígbà tí ìyàwó ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó wáyé láàárín ọdún tí ọkùnrin yẹn fi jẹ́ àpọ́n máa padà yọjú nísàlẹ̀.

Báwo ni ìyàwó ṣe ń débẹ̀?

Lẹ́yìn àdéhùn àkọ́kọ́, ọkùnrin á gba ìsinmi oṣù mélòó kan lọ sílé. Oṣù mélòó kan yẹn náà ló ní láti fi wá ìyàwó. Wọn ò tíì mọ ara wọn tán tí ọkùnrin á fi padà sóko, ìyàwó á wá wọkọ̀ tẹ̀ lé e, gba Suez lọ sí Bombay tàbí Calcutta, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú omi.

Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé kò ju ọjọ́ díẹ̀ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ tí wọ́n fi ṣègbéyàwó ní ìlú èbúté yẹn gan-an, nítorí ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo wúńdíá tó bá ń bá ọkùnrin rin ìrìn àjò wọ inú oko. Kò sí bàbá tó máa fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn tó dúró tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ẹni tí kò rí rí. Lẹ́yìn ìyẹn, reluwé, ọkọ̀ ojú omi lórí Brahmaputra, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Nígbà mìíràn, erin.

Ẹni tó bá dé lákòókò òtútù, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, Assam tó dára jù lọ ló bá pàdé. Ewé ò yọ, gígé ni wọ́n ń gé orí igi, ọwọ́ ọkọ dilẹ̀ díẹ̀, ijó àti eré ẹṣin ń lọ ní kíláàbù, ibi tí àwọn òyìnbó oko ti ń pàdé. Á rò pé báyìí ni yóò ṣe máa rí lọ. Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní nǹkan bí oṣù kẹta ni yóò tó mọ ẹni tí òun fẹ́.

Kí ló dé tó fi dá wà nígbà náà?

Torí pé ewé tíì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ewé méjì àti ọ̀mùnú orí rẹ̀ ni wọ́n ń já, tí wọ́n bá sì jẹ́ kó gbó, owó ti lọ. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá, ọkọ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá wọlé jẹun, á tún jáde. Lálẹ́, ẹ̀rọ fàktírì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì lè ní kóun lọ wò ó.

Aago gan-an kì í ṣe ti gbogbo ayé. Oòrùn tètè ń yọ ní ìlà-oòrùn Íńdíà, nítorí náà àwọn ọ̀gá oko ti aago wọn síwájú ti ìlú ní wákàtí kan kí òṣìṣẹ́ lè lo ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. "Aago bagan" ni wọ́n ń pè é. Bagan ni oko lédè ibẹ̀. Ìyàwó tó bá fẹ́ lọ wọ reluwé ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé aago ta ni mo ń wò.

Ilé ọ̀hún, orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ sí nítorí omíyalé, ọ̀rinrin àti ẹranko. Nígbà òjò, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, bàtà á hu funfun nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé á rọ̀, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, òyìnbó tó súnmọ́ jù lọ sì lè jìnnà tó máìlì mélòó kan.

Ìránṣẹ́ wà, ó pọ̀ pàápàá: alásè, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì, agbomi, ológba, alágbàfọ̀, ọlọ́dẹ òru, ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń kó ìgbẹ́ dànù. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀sìn àti ìran tí wọ́n bí i sí ló sì pinnu èyí tó lè fọwọ́ kàn. Alásè ò ní gbálẹ̀. Agbálẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọbìnrin tí kò tíì darí ilé rí, tí kò gbọ́ èdè, ló wá di olórí gbogbo wọn lọ́sàn-án kan. Àwọn gbólóhùn Hindustani tó kọ́kọ́ máa ń mọ̀, àṣẹ ni gbogbo wọn: gbé e wá, gbé e lọ, pa á dé. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé ibí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Èèyàn ò lè fi àṣẹ nìkan tàkúrọ̀sọ. Aláṣẹ ní ojúgbà, àmọ́ ojúgbà ọ̀hún wà ní máìlì mẹ́jọ, òjò sì ń rọ̀.

Ṣé kò sí obìnrin òyìnbó mìíràn tó lè mú un lọ́wọ́?

Ìyàwó ọ̀gá ńlá wà, "burra mem". Ẹni tó bá mọ agbo ilé tí ìyálé ti ń jẹ gàba mọ obìnrin yìí. Ipò ọkọ ni ipò ìyàwó: ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó nídìí oúnjẹ, ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde láti lọ sílé, gbogbo rẹ̀ ló létò. Àwọn kan ṣe dáadáa, wọ́n kọ́ ìyàwó kékeré bí wọ́n ṣe ń se omi mímu kó tó ṣeé mu àti bí wọ́n ṣe ń lo kuníìnì, oògùn ibà. Àwọn mìíràn, inú ọ̀rọ̀ kíláàbù ni ìyàwó kékeré yóò ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọjọ́ kíláàbù. Àwọn ọkùnrin á gba ìdí ọtí lọ, àwọn obìnrin á jókòó sọ́tọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń bá ìyálé gidi nílé?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni. Àwọn tó ṣòfin pé kí ọ̀dọ́kùnrin má gbéyàwó fún ọdún márùn-ún nínú igbó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ọkùnrin á mú obìnrin kan nínú àwọn tó ń já ewé, tàbí láti abúlé ìtòsí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni obìnrin náà ní agbára láti kọ̀: ẹni tó ń wọn ewé rẹ̀, tó ń sanwó rẹ̀, òun náà ló ní kó wá. Wọ́n á bímọ. Nígbà tí lẹ́tà bá dé pé ìyàwó òyìnbó ti wọkọ̀, obìnrin yẹn á kúrò nílé, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó díẹ̀.

Níbi tí àṣà ti gba ìyálé láàyè, ìyàwó tuntun mọ̀ ọ́n, ó mọ orúkọ tí yóò pè é, ó mọ bí yóò ṣe kúnlẹ̀ kí i. Ní Assam, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un. Àwọn ìránṣẹ́ mọ̀. Burra mem mọ̀. Òun nìkan ni yóò máa rí ọmọ kan tó pọ́n ju àwọn yòókù lọ láàárín ọmọ òṣìṣẹ́, tí yóò máa ṣe kàyéfì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà pọ̀ débi pé ní 1900, John Graham, ajíhìnrere ọmọ Skọ́tílándì, dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ nítorí wọn ní Kalimpong, nítòsí Darjeeling. Ọmọ mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá á sanwó, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, wọ́n á kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tó ti bàlágà lọ sí New Zealand, ọkùnrin sí oko, obìnrin sí iṣẹ́ ilé onílé. Wọ́n lé ní 100 kí ètò náà tó dúró ní 1938. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan ìyá wọn mọ́.

Àwọn ìyàwó tó ń já ewé tíì fúnra wọn ńkọ́?

Àwọn náà ṣègbéyàwó, kọ́ńpìnnì sì lọ́wọ́ sí tiwọn náà, ṣùgbọ́n ní òdì-kejì. Ti òyìnbó, wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Tiwọn, wọ́n ń tì í síwájú.

Àwọn ará Munda, Oraon, Santhal láti Chota Nagpur, agbègbè mìíràn ní Íńdíà, ló pọ̀ nínú òṣìṣẹ́. Arkatti ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi ẹnu dídùn kó wọn wá. Obìnrin tó bá dá wá máa ń fa ìbéèrè: ta ni ọkọ rẹ, ta ni bàbá rẹ, ṣé wọ́n mọ̀? Kí ìbéèrè lè tán, wọ́n á so ọkùnrin àti obìnrin tí kò mọ ara wọn rí pọ̀ nínú àgọ́ tí wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ jọ sí, wọ́n á kọ wọ́n sínú ìwé bíi tọkọtaya. Àwọn kan tú ká bí wọ́n ṣe dé oko. Àwọn mìíràn bára wọn kalẹ́.

Kọ́ńpìnnì ń fẹ́ tọkọtaya nítorí pé ẹni tó ní ìyàwó àtọmọ kì í tètè sá, àti nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń já ewé. Òfin 1865 ní kí ọkùnrin gba rúpì 5 lóṣù, obìnrin rúpì 4, ọmọdé rúpì 3. Òfin 1882 sọ àdéhùn di ohun tó lè tó ọdún 5. Ọ̀gá oko sì lè fúnra rẹ̀ mú òṣìṣẹ́ tó sá láìgba ìwé àṣẹ kankan, agbára tí wọn ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1908. Ìyàwó oko yìí náà jí kí ilẹ̀ tó mọ́, aago bagan kan náà ló jí i, ó pọn ọmọ, ó fi okùn agbọ̀n kọ́ orí.

Ní oṣù karùn-ún 1921, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní àfonífojì Surma, ní gúúsù Assam, kó ẹrù, ọkọ, ìyàwó, ọmọ, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ Chandpur, àwọn sójà Gurkha ya lù wọ́n lóru.

Ìyàwó òyìnbó bímọ ńkọ́?

Ó bí i pẹ̀lú ẹ̀rù. Dókítà òyìnbó kan lè máa tọ́jú oko mélòó kan, ọ̀nà ò sì dára. Ibà ń pa ọmọ, kala-azar, àrùn mìíràn níbẹ̀, ń pa àgbà. 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ìmọ̀ yẹn ò sì yára dé gbogbo ilé. Ọmọ tó bá yè, "ayah", ìyẹn obìnrin ibẹ̀ tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ọmọ, ló ń tọ́ ọ, èdè ayah yìí ló sì máa kọ́kọ́ fọ̀. Tó bá di ọmọ ọdún mẹ́fà méje, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, sí iléèwé, kí ara rẹ̀ má baà bàjẹ́, kí ohùn rẹ̀ má sì dà bíi ti ayah. Ìyá lè bá a lọ, kó fi ọkọ sílẹ̀. Ó sì lè dúró ti ọkọ, kó máa ka lẹ́tà. Nínú ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ nípa ayé ibẹ̀, èyí ni mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ìgbà wo ló wá parí?

Ogun ló kọ́kọ́ da á rú. Ní 1942, nígbà tí àwọn Japan gba Bọ́mà, ìyẹn ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ sójà wa náà padà lọ jagun níbẹ̀, àìmọye èèyàn fẹsẹ̀ rìn wọ Assam gba inú igbó. Ẹgbẹ́ àwọn olóko tíì ló kó òṣìṣẹ́ jáde láti la ọ̀nà, tí wọ́n sì pàgọ́. Àwọn ìyàwó oko wà nínú àwọn tó bu tíì gbígbóná fún ẹni tó ń bọ̀ láti inú igbó. Ní 1947 Íńdíà gba òmìnira, àwọn òyìnbó sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àwọn ilé orí òpó ṣì wà, wọ́n ti sọ àwọn kan di ibùwọ̀ àlejò. Aago bagan náà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ oko, wákàtí kan síwájú Delhi.