Thermocline: ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pààlà nínú kúárì

Bí iṣẹ́ òkúta bá ti parí ní kúárì, ìyẹn ihò ńlá tí wọ́n ti ń wa òkúta, tí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa sun wọ inú ihò náà títí yóò fi kún. Bí Stoney Cove ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe di omi nìyẹn. Ọdún 1958 ni iṣẹ́ òkúta dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 36.

Òòrùn ń mú ojú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fúyẹ́, òkè ló ń wà. Èyí tó tutù wúwo, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Odò tó ń ṣàn máa ń po àwọn méjèèjì pọ̀. Kúárì kì í ṣàn, ògiri àpáta rẹ̀ kì í sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè rú u, ni wọ́n bá dúró bí epo pupa tó lé sórí ọbẹ̀. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn, níbi tí omi ti tutù lójijì, òun là ń pè ní thermocline. Nígbà ooru, ojú omi lè tó 20°C, kí ìsàlẹ̀ má ju nǹkan bíi 10 lọ.

Ẹni tó bẹ́ láti orí àpáta lè já ìpele yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí kò tó 15°C lè mú kó mí kanlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi, omi ló máa fà sínú. Kò kan pé èèyàn mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ rárá. Nítorí náà, ẹ má bẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde, torí ògiri ibẹ̀ dúró ṣánṣán, ọwọ́ tó ti kú kò lè di òkúta mú. Ẹ fẹsẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ bu omi sọ́rùn àti ojú, ẹ dúró títí mímí yín yóò fi rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá etí omi. Bí òtútù bá gbá yín mú, ẹ fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ sórí omi, kí etí wà nínú omi, kẹ́ ẹ léfòó ní ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta títí èémí yóò fi balẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ búlúù tàn yín. Omi kúárì Harpur Hill lẹ́bàá Buxton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dà bí òkun erékùṣù, ṣùgbọ́n ẹfun òkúta ti sọ pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì) di nǹkan bíi 11, ìyẹn álíkálì tó le, ó lè bó ara. Lọ́dún 2013, ìjọba ìbílẹ̀ da aró dúdú sínú rẹ̀ káwọn èèyàn lè yé wẹ̀ níbẹ̀.