Ilé tí àkísà àgbà ò kúrò níbẹ̀

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ wà lórí òkè lẹ́bàá títì Windsor, nǹkan bí 40 kìlómítà sí àárín ìlú Sydney ní Ọsirélíà. Rouse Hill House ni wọ́n ń pè é. Ìran mẹ́fà ìdílé kan náà ló gbé ibẹ̀, ẹrù ìran kan kò sì kúrò nílé kí ti èyí tó tẹ̀ lé e tó wọlé. Ńṣe ni wọ́n ń to tuntun lé ògbólógbòó. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí á rò pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ ló mú ìdílé náà máa tọ́jú ẹrù. Ìfẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àìlówó lọ́wọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn Darug ló ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1804, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Bìrìtìkó kó wá sí Ọsirélíà, tí àwọn ọmọ Ireland pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Castle Hill. Àwọn sójà lé wọn bá nítòsí òkè yìí, wọ́n sì fọ́ wọn ká. Vinegar Hill ni wọ́n wá ń pe ibẹ̀, nítorí òkè kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ireland, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti bá ìjọba kan náà jà ní 1798.

Richard Rouse kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ní tirẹ̀. Òun àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn fúnra wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá ní 1801, ìjọba sì fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ní Parramatta, ìlú kan nítòsí Sydney. Gómìnà Lachlan Macquarie fún un ní ilẹ̀ 450 éékà lórí òkè náà, orúkọ ibẹ̀ sì yí padà sí Rouse Hill. Ẹ wo ọgbọ́n ìjọba: orúkọ ọlọ̀tẹ̀ jáde, orúkọ òṣìṣẹ́ ọba wọlé. Irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fi kọ́ ilé ọ̀hún, láàárín 1813 sí 1818.

Richard kú ní 1852. Edwin ọmọ rẹ̀ jogún ilé, òun náà kú ní 1862, ilé kù sọ́wọ́ Hannah opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Nígbà tí Edwin Stephen, ọmọ wọn, gbé Bessie Buchanan níyàwó ní 1874, owó wà dáadáa. Ẹṣin ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ní 1876, John Horbury Hunt, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, ló ya ibùso ẹṣin tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà. Bessie ní tirẹ̀ tún pálọ̀ ṣe bí àwọn ayé ìgbà náà ṣe ń ṣe é. Ká ní owó ọ̀hún ń wọlé bẹ́ẹ̀ lọ ni, ìyàwó tó bá tún wọlé lẹ́yìn Bessie ìbá kó ti Bessie dànù, kó ra tirẹ̀.

Owó kò wọlé mọ́. Ní àwọn ọdún 1890, báńkì dà wó kárí ilẹ̀ náà. Nina, ọmọ Edwin Stephen àti Bessie, fẹ́ George Terry ní 1895. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ẹṣin àti ọdẹ ju ìṣirò owó lọ, owó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti Nina kó padà sí Rouse Hill tọmọtọmọ. Láti ìgbà yẹn, tí ìnira bá ti dé, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gé tà, èyí tó kù sì ń kéré sí i. Àga kò ṣe é pààrọ̀, ògiri kò ṣe é kùn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ń ṣá, wọ́n ń wò ó. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà níbi tí wọ́n gbé e sí nígbà tí mọ́tò ti gbòde tán. Aṣọ àwọn ìyá àgbà wà nínú àpótí, ìwé orin dùùrù tí àwọn ọmọbìnrin ìdílé fi ń ṣeré ní pálọ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn fọ́tò tí Kathleen, àbúrò Nina, yà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà gan-an ni ọrọ̀ ilé yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi Elizabeth Bay House, tó wà nínú Sydney níbẹ̀, wé e. Alexander Macleay, akọ̀wé àgbà ìjọba, ló kọ́ ọ láàárín 1835 sí 1839, ó sì lẹ́wà ju ti Rouse lọ fíìfíì. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n ta ìwé rẹ̀, wọ́n ta àga rẹ̀. Nígbà tó di 1941, wọ́n gé ilé náà sí yàrá yàrá fún àwọn ayálégbé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ní láti wá ohun ọ̀ṣọ́ irú ti ìgbà náà ká kí wọ́n tó kó o kún. Macleay ní owó púpọ̀ nígbà kan, ó sì jẹ gbèsè púpọ̀. Owó ìdílé Rouse ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni, bóyá ìyẹn ló yọ wọ́n.

Nina kú ní 1968, ọmọ rẹ̀ Gerald àti Roderick ló jogún ilé. Ní 1978, ìjọba New South Wales gba ilé náà. Gerald kò jáde; ó ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín ẹrù ìyá àti ìyá ìyá rẹ̀, nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ní 1987, ó bọ́ sọ́wọ́ Historic Houses Trust, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Ibí ni mo ti gba fún wọn. Wọ́n lè kun ilé náà kí ó máa dán bí ti ọdún 1818. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ibi tí òrùlé ń jò, wọ́n gbógun ti kòkòrò ajẹṣọ àti ikán, wọ́n kọ orúkọ ẹrù àti ibi tí wọ́n ti bá a sílẹ̀, wọ́n sì fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ya, yíya ló wà. Èyí tó ṣá, ṣíṣá ló wà. Wọ́n ṣí i fún àwọn ará ìlú ní 1999, ṣùgbọ́n ẹ ò lè dá wọ ibẹ̀; ẹni tó ń mú àlejò yíká ló máa ń ṣíwájú, ó sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì.