Sọ́séèjì wo ni kí n fún ọmọ mi?

Láti ìgbà tí àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi ní Ẹ̀pẹ́ ti gbọ́ pé mo ń ṣe sọ́séèjì fúnra mi nílé, ìbéèrè wọn ò dáwọ́ dúró, ì báà jẹ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé tàbí lọ́jà Olúwo. Mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn mi sílẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé sọ́séèjì ń fa jẹjẹrẹ?

Ní 2015, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó dá wọn lójú pé ó ń fà á, pàápàá jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Sọ́séèjì nìkan kọ́ o. Gbogbo ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èròjà pa mọ́ ni, títí kan kọ́ọ̀nù-bíìfù. Wọ́n ṣírò pé ẹni tó bá ń jẹ gíráàmù 50 lójoojúmọ́, tí kò ju bí ọ̀pá sọ́séèjì kan lọ, ewu tirẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ju ti ẹni tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Ẹ má ṣì í gbọ́: kò túmọ̀ sí pé èèyàn 18 nínú 100 ni àrùn náà yóò mú. “Lójoojúmọ́” yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí pé nínú kúlà oúnjẹ àwọn ọmọ wa, sọ́séèjì ti fẹ́ di ti ojoojúmọ́.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń fún wọn?

Nílé tèmi, èyí tí mo bá rà lọ́jà kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ méjì.

Kí ni wọ́n fi sí i tó fi ń pọ́n báyẹn?

Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, ẹ ó rí “sodium nitrite” tàbí E250. Ẹran tútù máa ń pọ́n, àmọ́ tó bá ti jiná, ó ń ṣú. Nitrite ni kì í jẹ́ kó ṣú. Ó níṣẹ́ mìíràn tó tún ju ìyẹn lọ: ó ń dènà kòkòrò àìfojúrí kan tí májèlé rẹ̀ lè pa èèyàn, torí náà mi ò ní bú àwọn tó ń lò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí nitrite bá pàdé èròjà inú ẹran lórí iná tó le tàbí nínú ikùn, ó lè di nitrosamine, ìyẹn sì wà lára ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń dín sọ́séèjì títí ara rẹ̀ á fi jó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ọ̀rá pé àwọn ò fi nitrite sí i, tí ẹ wá rí “celery powder” nísàlẹ̀, nitrite náà ni, ara ewébẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Bí mo bá máa rà á lọ́jà ńkọ́?

Èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Ẹran ló yẹ kó ṣáájú. Bó bá jẹ́ omi, tàbí “mechanically deboned chicken”, ìyẹn ẹran tí ẹ̀rọ há lára egungun, ẹ gbé e sílẹ̀. Pé wọ́n ya àwòrán adìẹ sí i kò sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ wo iye sodium: ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, iyọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ mílígíráàmù 800 sí gíráàmù 100, iyọ̀ gíráàmù 2 ló wà níbẹ̀. Ìlànà ìlera ìlú Ọba ni pé kí ọmọ ọdún 4 sí 6 má jẹ ju gíráàmù 3 lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pá méjì péré ti kó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ká má tíì dárúkọ máàgì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀rá náà wò. Lóṣù tó kọjá, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, yìnyín ti gbá jọ sígun ọ̀rá, ọ̀pá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti lẹ̀ mọ́ra di odindi kan. Iná ti lọ, ó ti yọ́. Iná dé, ó tún dì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òmíràn.” Wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀ fírísà, wọ́n yọ èyí tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Òun ni mo sanwó rẹ̀.

Ọmọ mi ò tíì pé ọdún 4.

Ẹ má gé e róbótó fún un láé! Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa. Ẹ kọ́kọ́ là á ní gígùn sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe tilé?

Ìdajì kílò ẹran adìẹ tí kò léegun. Itan ni mo fẹ́ràn, torí pé àyà máa ń gbẹ. Àrọ̀ náà dáa, a kúkú ń rí i rà ní Ẹ̀pẹ́, eegun wẹ́wẹ́ rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti ẹpìyà. Mo máa ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, áàyù àti táìmù, kí n wá po ẹyin kan, búrẹ́dì gbígbẹ rírún ẹ̀kúnwọ́ kan àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ ọn. Ó ń tó ọ̀pá 10, iyọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan ò wá ju nǹkan bí 0.3 gíráàmù lọ.

Ewé eéran ni mo fi ń pọ́n ọn. Mo á fi òróró pa inú ewé, máa bu ẹran sí i, máa yí i tẹ́ẹ́rẹ́, máa ká etí rẹ̀ méjèèjì, máa wá tò wọ́n sínú ìkòkò bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín. Tó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa ń la ọ̀kan wò: inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ́n, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń yí i lórí òróró díẹ̀. Kò lè pẹ́ nílẹ̀ nítorí pé kò sí nitrite nínú rẹ̀. Ọjọ́ 2 péré ni nínú fíríìjì, bí iná bá dúró. Bí iná ò bá dúró, ẹ se ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi ní òun ò jẹ, pé kò pọ́n.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ tàtàṣé kan, mo sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, mo pò ó mọ́ ẹran. Ó pọ́n dáadáa. Mo wá ní kó bá mi pọ́n sínú ewé. Tirẹ̀ wọ́, ó tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ nígbà tó jiná, èyí tó wọ́ yẹn ló mú, kò gbà kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kàn án.