Ohun tí òǹtẹ̀ apostille ń jẹ́rìí sí lára ìwé físà iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọrọ físà láti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè ló gbà pé bí ìwé ẹ̀rí òun bá ti jẹ́ ojúlówó, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí físà kò mọ ọ̀gá fásitì tó buwọ́ lu ìwé náà rí, kò sì mọ bí èdìdì ọlọ́pàá ìlú ẹlòmíràn ṣe rí. Ta ni yóò jẹ́rìí fún un pé ìbuwọ́lù yẹn kì í ṣe ayédèrú?

Iṣẹ́ tí apostille ń ṣe nìyẹn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nílùú Hague ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1961 ló bí i. Láyé àtijọ́, ìwé á kúrò lọ́wọ́ nótárì, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, á dé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, á tún dé ẹ́ńbásì, kálukú á sì máa lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé ti ẹni tó ṣáájú. Àdéhùn náà sọ gbogbo wàhálà yẹn di òǹtẹ̀ kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 120 ló ti wọ inú rẹ̀. Ti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, ti Kánádà ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2024. Bí orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá tàbí èyí tí wọ́n ń mú un lọ kò bá sí nínú àdéhùn, ọ̀nà àtijọ́ náà ni wọn yóò tọ̀.

Ẹni tó bá wo òǹtẹ̀ ọ̀hún dáadáa yóò rí i pé igun mẹ́rin ọgbọọgba ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 9. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀, ilẹ̀ yòówù kó ti wá. Ìlà mẹ́wàá ló ní: orílẹ̀-èdè, ẹni tó buwọ́ lu ìwé, ipò tó dì mú, ẹni tó ni èdìdì, ìlú, ọjọ́, aláṣẹ tó fúnni, nọ́ńbà, òǹtẹ̀, àti ìbuwọ́lù.

Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó sọ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé. Ibí yìí gan-an ló ń kó báni. Ẹni tó mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí lọ fún nótárì kó tó gba apostille, ìbuwọ́lù nótárì ni apostille rẹ̀ ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ti fásitì. Àwọn iléeṣẹ́ físà kan gba irú rẹ̀. Àwọn mìíràn á dá a padà, oṣù méjì á sì ti lọ. Kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́, ojúlówó tàbí ẹ̀dà.

Ìtumọ̀ náà ní ètò tirẹ̀. Ó dára kí wọ́n gba apostille ṣáájú, kí olùtumọ̀ lè tú ìwé àti òǹtẹ̀ pọ̀. Apostille fúnra rẹ̀ kì í gbó, ṣùgbọ́n ìwé ọlọ́pàá ní iye oṣù tí wọ́n ń gbà á mọ. Òun ló yẹ kí wọ́n gbà kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì so apostille mọ́ ìwé, a kì í tú u, ì báà jẹ́ nítorí àtiyà á sórí kọ̀ǹpútà.

Ìlà kẹjọ, ìyẹn nọ́ńbà, ni òṣìṣẹ́ físà máa ń wá. Ní ibi tí àkọsílẹ̀ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ nọ́ńbà àti ọjọ́ síbẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ó di ìwé tó kàn.