Fáìlì Iṣẹ́ Kì í Ṣe Fídíò

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mẹ́rin ni ó ti gbé fláàṣì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá wọn parí fídíò ìgbéyàwó, tí ó sì jẹ́ pé fáìlì iṣẹ́ kan ṣoṣo láti inú Premiere, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fídíò tí a sì fi ń tò ó, tí kò ju MB 5 lọ, ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti yí ìparí orúkọ fáìlì náà láti prproj sí mp4, nítorí pé ẹnì kan ládùúgbò rẹ̀ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń di fídíò. Ẹni tí ó kọ “ẹran” sára àpò gàrí, gàrí náà ni yóò bá nígbà tí ó bá tú u.

Fáìlì iṣẹ́ kò ní àwòrán kankan nínú. Àdírẹ́sì ni ó kó sínú: pé fídíò báyìí wà nínú díráìfù D, nínú fódà báyìí, pé kí a mú un láti ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15. Bí ẹ bá gbé háàdì tí fídíò náà wà nínú rẹ̀ sára kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ń pè é ní E, Premiere yóò lọ kan ilẹ̀kùn D, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé, yóò sì fi àwọ̀ pupa bo ojú fídíò náà. Ìyẹn kò tó ohun tí à ń sunkún sí: ẹ tẹ Link Media, ẹ fi fáìlì kan hàn án, yóò sì sábà wá ìyókù rí fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá ti da ètò fódà rú. Ṣùgbọ́n bí fídíò gan-an bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín ní Abẹ́òkúta, tí èmi sì wà ní Ìbàdàn, kí ni kí n tẹ̀?

Project Manager ni ó ń kó fáìlì iṣẹ́ àti àwọn fídíò rẹ̀ jọ sójú kan nínú Premiere. Ẹni tí ó ń lo DaVinci Resolve, tí òun náà jẹ́ ètò títo fídíò, kí ó lo Project Archive. Ìlànà exFAT ni kí ẹ fi ṣe fọ́máàtì háàdì nígbà tí ó ṣì ṣófo, nítorí pé nínú àwọn ìlànà yòókù, FAT32 kì í gba fáìlì tí ó bá ju GB 4 lọ, kọ̀ǹpútà Mac sì kàn ń ka NTFS ni, kì í kọ nǹkan sí i. Ẹ tẹ Eject kí ẹ tó fà á yọ.

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù ni háàdì ayédèrú. Wọ́n ti kọ́ ọ kí ó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà nípa bí ó ti tóbi tó. Bí àyè tòótọ́ inú rẹ̀ bá ti kún, yóò ṣì máa gba fáìlì bí ìgbà tí à ń pọn omi sínú ajere. Orúkọ yóò hàn, ìwọ̀n yóò pé, inú yóò ṣófo. Arákùnrin kan ra TB 2 bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá títì, ó kó fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀ sí i láti inú káàdì mẹ́ta, ó sì pa àwọn káàdì náà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kí ó lè fi wọ́n ya òde mìíràn. Àwọn fáìlì àkọ́kọ́ ṣí: àwọn ọmọ olóòkú ń jó wọlé nínú aṣọ òfì. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀kan kò ṣí mọ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo kó èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò tí mo fi H2testw, ètò tí ó ń wọn àyè tòótọ́ inú háàdì, yẹ háàdì náà wò, GB 32 péré ni àyè inú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra háàdì tuntun, kí ó gbé e wá ní òfìfo kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kó ohunkóhun sí i. Ó lè gba odidi òru, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.